Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mi ń tàn lọ́sàn-án gangan, bátìrì ń kú. Ṣé dímà lè ràn mí lọ́wọ́?

Aránṣọ_Kémta:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ooru yìí náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti tó oṣù méjì tó ti ń gbé mi lọ́kàn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni mo ní ní Kémta níbí, ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, yàrá méjì ni wọ́n já pọ̀ fún mi, ó wá gùn wọnú tó bí ẹsẹ̀ bàtà 24. Àmọ́ iwájú nìkan ni fèrèsé àti ilẹ̀kùn onígíláàsì wà, torí àpáta ló wà lẹ́yìn ilé wa, ẹ ṣáà mọ Abẹ́òkúta, ibi tí ilé bá parí sí ni àpáta ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà la jọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ la fi ń ránṣọ, nítorí náà gílóòbù pẹ̀lú fáànù méjì nìkan ló ń jẹ iná.

Ohun tó ń dùn mí ni pé láti aago 8 àárọ̀ tá a bá ti ṣílẹ̀kùn títí di 6 ìrọ̀lẹ́, gílóòbù 12 ló ń tàn, 9 wọ́ọ̀tì ni ìkọ̀ọ̀kan. Oòrùn á ràn níta débi pé èèyàn ò ní lè ranjú wo títì, síbẹ̀ gbogbo iná inú ilé á wà ní títàn. Tí mo bá ní kí wọ́n pa á, àwọn tó wà lẹ́yìn á pariwo pé àwọn ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Súwíìṣì mẹ́ta ni wọ́n ṣe sára ògiri, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí mo bá pa nínú ẹ̀, apá kan iwájú á ṣú, apá kan ẹ̀yìn náà á ṣú pẹ̀lú ẹ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ló wà lára ínfátà mi, 220Ah ni ìwọ̀n ẹ̀. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ ní aago 9, tó bá fi máa di 2 ọ̀sán ínfátà á ti máa ké.

Ẹnì kan ló wá sọ fún mi pé kí n ra dímà, pé màá máa dín iná kù nígbà tí ìta bá mọ́lẹ̀, màá sì máa gbé e sókè tó bá ṣú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ra ọ̀kan lọ́jà, wáyàmáàn àdúgbò so ó mọ́ súwíìṣì àárín, ni gílóòbù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bí ẹni tí eruku wọ̀ lójú, orí ń fọ́ wa, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan gílóòbù méjì ti kú. Ṣé dímà burúkú ni mo rà ni àbí ọ̀nà yẹn gan-an ni ò ṣeé gbà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni màá máa fi tọ́jú gílóòbù.

Oníná_Láfẹ́nwá:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má fọkàn sí i pé ẹ ṣe nǹkan tí kò dáa, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn dáa gan-an, bí wọ́n ṣe ṣe é fún yín ni ò bá a mu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti dímà.

Gílóòbù àtijọ́ yẹn, èyí tíná ẹ̀ máa ń pupa tó sì máa ń gbóná, wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń gbóná tó fi ń tàn, tẹ́ ẹ bá dín iná tó ń wọ̀ ọ́ kù, á kàn rẹlẹ̀ ni. Gílóòbù LED tẹ́ ẹ ń lò báyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ìdí ẹ̀ tó ń ṣètò iná kó tó dé ojú ibi tó ń tàn, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni pé kí ìmọ́lẹ̀ má yí padà. Dímà ọjà náà ń gé iná wẹ́wẹ́ kó tó fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ inú gílóòbù ń sáré dí àlàfo tí dímà ń gé, ìjà àwọn méjèèjì lẹ rí tẹ́ ẹ ní ó ń ṣẹ́jú yẹn, òun náà ló sì pa gílóòbù méjì. Tí kò bá ti sí "dimmable", ìyẹn pé ó ṣeé dín kù, lára páálí gílóòbù, ẹ má gbé e sábẹ́ dímà láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni rẹ́gúlétọ̀ fáànù o, mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ iná páálọ̀, fáànù ni wọ́n ṣe é fún.

Èkejì, ẹ wo ara dímà yẹn, wọ́n sábà máa ń kọ wọ́ọ̀tì tó kéré jù tó lè gbé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí gílóòbù kan ṣoṣo ń jẹ 60 wọ́ọ̀tì. Gílóòbù mẹ́rin tiyín lórí súwíìṣì kan, 36 wọ́ọ̀tì péré ni, dímà mìíì ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́nu wáyà.

Ìbéèrè mi wá ni pé, kí ni wọ́n kọ sára ínfátà yín, ṣé "pure sine wave" ni, èyí tíná ẹ̀ ń ṣàn geere, àbí "modified", èyí tíná ẹ̀ ń fò gátagàta? Tó bá jẹ́ modified, dímà tó ń gé iná yìí ò ní bá a ṣe é rárá, kódà kẹ́ ẹ ra gílóòbù tó dáa jù.

Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ibi tí ìṣòro yín wà gan-an kọ́ ni dímà yẹn. Wáyà ni. Ẹ ní tẹ́ ẹ bá pa súwíìṣì kan, iwájú ṣú ẹ̀yìn náà ṣú. Ìyẹn ni pé láti iwájú lọ sẹ́yìn ni wáyàmáàn fa ìlà gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó fà á ní ìbú ni, kó bá ògiri fèrèsé rìn, kí gílóòbù tó sún mọ́ fèrèsé jùlọ wà lórí súwíìṣì kan náà, àwọn tó tẹ̀ lé e lórí òmíì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn. Nígbà yẹn lẹ tó lè pa iwájú láìfi ẹ̀yìn sínú òkùnkùn. Mo ń bínú sí iṣẹ́ báyìí torí mò ń bá a pàdé káàkiri ìlú, ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó fa wáyà ò bojú wo ibi tí fèrèsé wà.

Ọmọ_Pánṣẹ́kẹ́:

Àǹtí mi, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? LED kì í jẹ iná. Gílóòbù 12 lọ́nà 9 jẹ́ 108 wọ́ọ̀tì, ní wákàtí 10 yúnítì kan àti díẹ̀. Kódà lórí Band A tá a wà níbí, ìpele àwọn tó ń sanwó iná jù, tí wọ́n gbé láti 68 náírà sí 225 fún yúnítì kan ní April 2024 kó tó sún wálẹ̀ sí 209 àti kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ní iye yẹn gbogbo ẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù ò tó 6,000 náírà. Fáànù méjì yẹn ló ń jẹ bátìrì yín, fáànù onídùúró kan á jẹ bí 55 wọ́ọ̀tì. Ẹ kúkú ra bátìrì kejì.

Tíṣà_Ìbarà:

Àbúrò mi Pánṣẹ́kẹ́, òótọ́ ni ìṣirò rẹ, ṣùgbọ́n wò ó bó ṣe yẹ. Fáànù méjì 110 wọ́ọ̀tì, gílóòbù 108. Ìdajì ẹrù tó wà lórí bátìrì yẹn iná ni. Ìdajì yìí sì ni oòrùn ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní wákàtí kan náà tí wọ́n ń sanwó ẹ̀. Bátìrì kejì náà owó gọbọi ni, ó sì ní ọjọ́ tó máa kú. Kí ló dé tí a ó fi ra ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà?

Ìyá aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Tíṣà fìsíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ gan-an. Oòrùn tó bá ràn sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án ní ilẹ̀ wa ń tó nǹkan bí 100,000 lọ́ksì, ìyẹn ìwọ̀n tá a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Tí kùrukùru bá bo oòrùn pàápàá, ìta ṣì sábà máa ń tó nǹkan bí 10,000. Nínú ilé, ẹni tó ń ránṣọ ń fẹ́ bí 750 lójú abẹ́rẹ́, ìyẹn ni ìlànà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Yúróòpù sọ. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ò wọ́n wa, bó ṣe máa wọlé ló gba ọgbọ́n. Tó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó yára ń tán ni, kì í rìn jìnnà. Ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé òkè fèrèsé yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti lè ṣiṣẹ́ gidi mọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, ó mọ ní nǹkan bí 14. Ẹsẹ̀ bàtà 10 tó kù lẹ́yìn, iná ni yóò máa gbé e.

Ẹ bá mi dáhùn èyí: ọ̀dà wo ló wà lára ògiri? Tó bá jẹ́ ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tàbí búlúù tó dúdú, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ògiri ń gbé e mì. Ọ̀dà funfun máa ń dá bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún padà. Àjà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn ún, kẹ́ ẹ tó kan ògiri ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sì fọ gíláàsì yẹn, eruku ọyẹ́ ọdún tó kọjá ṣì wà lára fèrèsé ọ̀pọ̀ ilé nílùú yìí títí òjò fi dé.

Ẹléwu_Ìtòkú:

Ẹ kú àròyé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un, àdìrẹ là ń tà. Tẹ́ ẹ bá máa fi oòrùn ṣe iná ẹ ṣọ́ aṣọ yín o. Ẹni tó bá kó aṣọ sójú oòrùn gbangba lẹ́yìn gíláàsì, kó tó pé oṣù mẹ́ta ojú ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po ti ṣí, pàápàá búlúù. Aṣọ oníbàárà ni o! Ẹ kó aṣọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kó tábìlì ìgéṣọ àti ẹ̀rọ bọ́ síwájú. Ohun mìíì ni pé tẹ́ ẹ bá ń wá òwú tó bá àwọ̀ aṣọ mu, ojú ọjọ́ ni kẹ́ ẹ ti wò ó, gílóòbù mìíì ń tan àwọ̀ jẹ. A ti ta aṣọ eléésè àlùkò fún èèyàn nínú ilé rí tó délé tó ní búlúù la gbé fóun, a sì gbà á padà.

Mo ti fi páànù tó ń mọ́ gaara sórí ṣọ́ọ̀bù tèmi tẹ́lẹ̀, méjì láàrin páànù tó kù. Ìmọ́lẹ̀ wọlé lóòótọ́ ṣùgbọ́n tó bá di aago 1 ooru ẹ̀ ò ṣeé fara dà, fáànù la kàn ń gbé wá. Ìgbà tá a fi ọ̀rá funfun kan tó nípọn bò ó nísàlẹ̀ ló tó dín kù. Tiyín ní àjà lókè, kò kàn yín.

Aránṣọ_Kémta:

Ẹ ṣé púpọ̀ o, Ọlọ́run á bá wa gbé e ga. Mo ti wo ara ínfátà, MODIFIED SINE WAVE ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Ògiri wa, àwọ̀ ilẹ̀ ni, onílé ló kùn ún bẹ́ẹ̀ kó má baà dọ̀tí. Òkè fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 7 ni bí Tíṣà ṣe sọ. Àbúrò mi fi áàpù kan sórí fóònù mi tó ń ka lọ́ksì, mo pa gbogbo iná ní aago 11 àárọ̀, mo gbé fóònù sórí tábìlì ní ìbú mẹ́rin, ìyẹn ìlà mẹ́rin láti fèrèsé lọ sẹ́yìn. Ìbú kìn-ín-ní lẹ́bàá fèrèsé, 900. Ìkejì, 350. Ìkẹta, 120. Ìkẹrin lẹ́yìn pátápátá, 30. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣú mo tan gbogbo gílóòbù, ibi gbogbo ò ju nǹkan bí 150 lọ! Ó yà mí lẹ́nu. Ṣé fóònù ló ń purọ́ ni?

Oníná_Láfẹ́nwá:

Fóònù lè fi díẹ̀ ṣì í, àmọ́ kò lè ṣì í tó bẹ́ẹ̀ mà. Òótọ́ lẹ rí. Oòrùn ń fún yín ní 900 níwájú, ẹ wá ń fi gílóòbù fi 150 kún un. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ tẹ́ ẹ bá pa á.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn sọ fún wa rèé. Ìbú kìn-ín-ní ò nílò dímà, súwíìṣì lásán ni, á wà ní pípa láti 9 sí 4. Ìbú kẹrin náà ò nílò dímà, torí gbogbo ọjọ́ ló máa tàn kíkún. Dímà wúlò ní àárín nìkan, ìbú kejì àti ìkẹta, torí ibẹ̀ ni ìta ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tí iná á wá ṣe ìyókù, tí kùrukùru bá bo oòrùn ẹ gbé e sókè, tó bá mọ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra gílóòbù dimmable 12, owó yín ló fẹ́ ná.

Torí ínfátà yín jẹ́ modified, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lo dímà ògiri. LED oníríbọ́ńnù tàbí pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń lo fóòtì (volt) 12 bíi ti bátìrì ni ká fi sí ìbú méjèèjì, ká fa wáyà ẹ̀ tààrà láti orí bátìrì, pẹ̀lú dímà fóòtì 12 tí wọ́n máa ń fọwọ́ yí yẹn láàrin. Kò gba inú ínfátà kọjá, nítorí náà èyí tí ínfátà máa ń fi ṣòfò sí ooru á kù sínú bátìrì. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì gan-an o, kì í ṣe lọ́dọ̀ gílóòbù, bátìrì tí wáyà ẹ̀ bá kanra lè jólé. Wáyà náà gbọ́dọ̀ nípọn, torí fóòtì 12 máa ń rẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn. Kẹ́ ẹ tó sanwó dímà, ẹ tan LED náà kó rẹlẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà fóònù wò ó, tí ìlà dúdú dúdú tó nípọn bá ń rìn kọjá lójú fóònù, ẹ dá a padà, orí á fọ́ yín.

Ìṣirò rèé. Lójúmọ́ ẹ̀ ń lo 1,080 wọ́ọ̀tì-wákàtí fún iná. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, ìbú méjì àkọ́kọ́ tó bá wà ní pípa wákàtí 7, 378 ti kúrò. Ìkẹta tó bá wà ní ìdajì, bí 94 náà kúrò. Mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ fi iná kékeré 3 wọ́ọ̀tì sára ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí abẹ́rẹ́ tààrà, torí 150 yẹn kéré fún ojú àwọn ọmọ yẹn. Ìyẹn á jẹ bí 90. Tá a bá yọ ọ́, ẹ̀ ń fi bí 380 pamọ́, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì tún máa ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ_Pánṣẹ́kẹ́:

Mo gbà, mi ò ro ti ìbú yẹn. Ṣé kò sí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ tó ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tó, tó lè máa ṣe é fúnra ẹ̀? Èèyàn á gbàgbé.

Oníná_Láfẹ́nwá:

Ó wà bọ̀dá. A so ó sí ọ́fíìsì kan rí, sẹ́ńsọ̀ ń wo tábìlì láti àjà, ó ń bá LED sọ̀rọ̀ lórí wáyà tín-ín-rín méjì, láti fóòtì 1 dé 10, bí ìta bá ṣe ń mọ́ sí ni iná ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dáa fún ibi tó tóbi. A ní láti sọ fún un kó máa lọ́ra, torí lákọ̀ọ́kọ́ gbogbo kùrukùru tó bá kọjá ló ń dá lóhùn. Fún ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí, ọwọ́ èèyàn tó. Kí ẹnì kan ṣáà jẹ́ olórí iná.

Tíṣà_Ìbarà:

Ẹ̀gbẹ́ wo ni iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjú sí? Tó bá jẹ́ ìlà oòrùn, láti 8 sí 10 àárọ̀ oòrùn á máa gún wọlé tààrà, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á fa aṣọ fèrèsé dí, iná tẹ́ ẹ pa á tún di títàn. Ìyẹn ni ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù. Ẹ fi ìbòrí sí iwájú, kí abẹ́ ẹ̀ jẹ́ funfun, tàbí aṣọ fúyẹ́ funfun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá láìjẹ́ kó gúnni lójú.

Aránṣọ_Kémta:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Ìlà oòrùn ni lóòótọ́, ẹ ò purọ́ Tíṣà. Mo padà wá sọ bó ṣe lọ torí ó pé ọjọ́ 16 lónìí. Oníná wá fúnra ẹ̀ láti Láfẹ́nwá, ó tún wáyà fà ní ìbú, ó so ti fóòtì 12 sí àárín pẹ̀lú fíúsì, ó kọ 1, 2, 3, 4 sára súwíìṣì. Onílé gbà kí n kun àjà àti ògiri ẹ̀yìn ní funfun, mo sì fi léèsì funfun kan tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ oníbàárà ṣe aṣọ fèrèsé, mo bi í kí n tó gé e. Lẹ́yìn ọ̀dà, ìbú ìkẹta tó jẹ́ 120 ti di 170, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì.

Lánàá wọ́n mú iná lọ ní 9. Ínfátà ò ké títí aago 4 fi ku ìṣẹ́jú 10. Fáànù méjèèjì ò sinmi o.

Nígbà tí òjò Wednesday ṣú, a ní láti gbé ìbú kejì sókè pátápátá láti 1 sí 3, torí náà mo mọ̀ pé ní July nọ́ńbà yìí ò ní dáa tó báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù ló ń ṣe olórí iná, ó lẹ ìwé kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì tó ń kọ aago sí. Ohun tó kù tí ń kò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ jókòó sí ẹ̀rọ iwájú báyìí. Mo ti pín in lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn lọ́sẹ̀ yìí á bọ́ síwájú ní Monday.